Yíyan Ẹ̀rọ Ìlọ-Kùkùté fún Iṣẹ́ Agégi Kékeré ní Ìwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn agégi Ìwó Olódò Ọbà àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé gígé igi lulẹ̀ kì í ṣe òpin iṣẹ́. Nígbà tí a bá ti la ìtì rẹ̀ sí pákó, tí àwọn olóúnjẹ sì ti ra ẹ̀ka rẹ̀ ṣe igi ìdáná, kùkùté ṣì wà lójú kan náà. Ibẹ̀ ni onílé fẹ́ gbé ògiri gbà. Ibẹ̀ ni ọmọdé ń fẹsẹ̀ kọ. Ibẹ̀ ni ikán ń fi ṣe ibùdó kí ó tó wọlé. Ìdí nìyí tí oníbàárà kì í fi í pẹ́ béèrè lọ́wọ́ agégi pé: “Ta ni yóò wá bá wa yọ kùkùté rẹ̀?”

Agégi tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ti rí iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ sáré lọ yáwó ra ẹ̀rọ ńlá lè rí i pé ẹ̀rọ náà jókòó sínú àká, tí èlé owó kò sì jókòó. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà tí ń ṣe iṣẹ́ agégi kékeré ní Ìwó, Ọlúpọ̀nnà, Télẹ̀mú, Kúta, Ilé-Ogbó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ọ̀kan lọ: ẹ ka kùkùté kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀rọ ìlọ-kùkùté kì í hú kùkùté jáde. Ńṣe ló ń lọ̀ ọ́. Irin roboto kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí a to eyín sí lára. Ẹ́ńjìnì ń yí irin náà kíkankíkan, eyín rẹ̀ sì ń họ igi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ẹ̀rún. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Odò-Orí ti mọ ìdajì ọgbọ́n rẹ̀: ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì, àti irin tí ń yí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ata kì í ta òkúta sí ni lójú.

Ìlú Pella ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni ilé-iṣẹ́ Vermeer ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ yìí tà ní àwọn ọdún 1950. Kí ó tó dé, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa: àáké, iná, àti agbára èèyàn tàbí ti ẹran tí ń fa okùn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lọ kùkùté dé nǹkan bí 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀. Gbòǹgbò tó bá wà nísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bẹ níbẹ̀, yóò sì máa jẹrà fún ọdún díẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agégi gbọ́dọ̀ bi oníbàárà ni pé: “Kí ni ẹ fẹ́ fi ojú ibẹ̀ ṣe?”

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí àgbàlá tẹ́jú, kí koríko sì hù síbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 tó. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin òdòdó tàbí kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù ìtẹ̀lẹ̀ síbẹ̀, kí ó tó 30. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ ilé, ògiri ọgbà tàbí àgbá omi ni yóò dúró lórí ibẹ̀, ẹ̀rọ ìlọ-kùkùté kò tó. Gbogbo ìdí igi náà àti àwọn gbòǹgbò ńlá rẹ̀ ni kí a hú kúrò. Agégi tó bá lọ kùkùté sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, tó fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, tó sì ní kí onílé máa mọ́lé, ti dá onílé náà lóró. Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà tán, ilẹ̀ a rì, ògiri a là, ikán a sì ti rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀ka iṣẹ́ tí ẹ kò ní ohun èlò rẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹ kò ní i. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ yẹn ni yóò mú kí ó tún pè yín lọ́jọ́ mìíràn.

Igi tó wà ní agbègbè wa

Kì í ṣe gbogbo kùkùté ni ó ń gbọ́ràn sí ẹ̀rọ lẹ́nu bákan náà. A to àwọn tí agégi Ìwó sábà máa ń bá pàdé sísàlẹ̀ yìí.

Ọ̀pẹ. Igi ọ̀pẹ kò ní gbòǹgbò ìdí tó rì wọlẹ̀ gan-an bíi ti igi mìíràn. Òkìtì gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ni ó ní. Ara rẹ̀ jẹ́ kìkì okùn, okùn náà sì máa ń wé mọ́ irin ẹ̀rọ kékeré títí yóò fi há. Ó sàn kí a fi dígà, àáké àti ọkọ́ hú kùkùté ọ̀pẹ, tàbí kí a gé e balẹ̀ kí ó máa jẹrà. Ọ̀pẹ tí a bá ti gé orí rẹ̀ kò tún ní í hù mọ́.

Mèlínà. Igi rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rọ kékeré sì lè lọ̀ ọ́ láìjanpata. Àléébù rẹ̀ ni pé kùkùté rẹ̀ máa ń rúwé padà kíákíá. Ẹni tó bá gé mèlínà tó sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ yóò tún bá igi pàdé níbẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Tíìkì. Òun náà ń rúwé padà. Ní àfikún, èròjà kan tó jọ iyanrìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní silica, wà nínú igi rẹ̀, ó sì máa ń mú kí eyín irin kú.

Ìrókò. Igi líle ni, ìdí rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Àwọn agégi àtijọ́ mọ̀ pé òkúta máa ń wà nínú ìrókò. Kì í ṣe àròsọ: èròjà inú igi náà ni ó ń dì di òkúta ẹfun nínú ara rẹ̀. Eyín tó bá kàn án lójijì lè fọ́.

Máńgòrò, dóńgóyárò àti fúrúùtù. Àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù nínú àgbàlá ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Ẹ̀rọ kékeré lè ṣe wọ́n bí wọn kò bá tíì tóbi jù. Ti fúrúùtù, ẹ má wo kùkùté nìkan. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn lójú ilẹ̀, ó sì máa ń gbé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sókè. Ẹ ka gbòǹgbò náà mọ́ iṣẹ́ kí ẹ tó dá owó lé e.

Ilẹ̀ Ìwó àti òkúta inú rẹ̀

Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery, gbé ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú àwọn oríṣi ilẹ̀ tí wọ́n ṣe àpèjúwe rẹ̀, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ń pè é ní Iwo series títí di òní. Láti ara àpáta líle ni ilẹ̀ yìí ti wá. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni òkúta funfun wẹ́wẹ́, tí à ń pè ní quartz, tó pọ̀ nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agégi púpọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń polówó pé ó lè lo eyín kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó lè jẹ́ pé orí ilẹ̀ ẹlẹ́rọ̀ tí kò ní òkúta ni wọ́n ti dán an wò. Ní ilẹ̀ olókùúta, eyín máa ń tètè kú, òkúta sì máa ń fò bí ọta. Nítorí náà, iye owó eyín àti bí ó ṣe rọrùn tó láti rí òmíràn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ tí wọ́n kùn ẹ̀rọ lọ.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ ìdí kùkùté náà yíká, kí ẹ sì ṣa òkúta àti irin kúrò. Ẹ fi ẹ̀rọ agégi gé kùkùté náà balẹ̀ tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Wákàtí kan tí ẹ bá lò báyìí lè gba eyín mélòó kan là.

Ẹ kọ́kọ́ ka kùkùté

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ máa kọ gbogbo kùkùté tí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè sínú rẹ̀, bí ẹ bá ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é. Ẹ kọ nǹkan mẹ́fà nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: irú igi tó jẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ lójú ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe lókè níbi tí a ti gé e, fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà wọlé, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí yín tó, ohun tí oníbàárà fẹ́ fi ojú ibẹ̀ ṣe, àti iye tí ó ní òun lè san.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà yóò sọ òtítọ́ tí olùtajà ẹ̀rọ kì í sọ. Bí ọ̀pẹ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ kò nílò ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń kọ́lé ló pọ̀ jù, iṣẹ́ híhú ni ẹ ó máa ṣe. Bí ọ̀pọ̀ ilé bá wà nínú agboolé àtijọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ há, ẹ̀rọ tó fẹ̀ kò ní í wọlé bó ti wù kí ó lágbára tó. Bí kùkùté méjì péré bá ń wọlé lóṣù, yíyá ẹ̀rọ sàn ju ríra lọ.

Oríṣi ohun èlò tó wà

Ohun èlò ọwọ́. Àáké, dígà, ṣọ́bìrì, ọ̀pá irin àti ẹ̀rọ ìfàgi alọ́wọ́ tí a ń fi wáyà irin fa nǹkan. Owó orí rẹ̀ kéré, ó sì ń hú ìdí igi pátápátá. Ó ń gba àkókò àti agbára: kùkùté máńgòrò tó ti dàgbà lè gba òṣìṣẹ́ méjì ní odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni ilẹ̀ máa ń rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kò sí agégi tó ga ju níní ohun èlò ọwọ́ lọ, ìbáà ní ẹ̀rọ mẹ́wàá.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ tì. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ sábà máa ń tó ti ẹṣin 9 sí 15, bẹntiróòlù ni ó sì ń lò. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kílò, ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà tó há kọjá. Kùkùté tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ ni ó bá a mu jù. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò pẹ́ lórí rẹ̀, apá òṣìṣẹ́ yóò sì ro ó.

Ẹ̀rọ aládàárìn. Ẹ̀rọ yìí ń fi agbára ara rẹ̀ rìn, òṣìṣẹ́ kàn ń darí rẹ̀ ni. Agbára rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ti ẹṣin 25 sókè, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè tó 500 kílò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe kí ó lè gba géètì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà. Ó ń yára ṣiṣẹ́, kì í sì í fìyà jẹ apá. Ṣùgbọ́n ó nílò ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tó ní pákó ìgòkè, owó rẹ̀ sì pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ti kékeré.

Ẹ̀rọ ńlá tí ọkọ̀ ń fà. Fún àwọn tí ń tún ojú ọ̀nà ìjọba ṣe tàbí tí ń pa igbó ńlá ni a ṣe èyí. A kò rí ìdí tí iṣẹ́ kékeré ní Ìwó fi gbọ́dọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tirakítọ̀. Bí ẹ bá mọ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ti ní tirakítọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, ọ̀nà yìí lè dín owó kù, nítorí kò sí pé ẹ ń ra ẹ́ńjìnì mìíràn. Ó dára fún oko káṣú tàbí oko kòkó tó ti gbó. Kò dára fún agboolé.

Katapílà awalẹ̀ tí a háyà. Bí iṣẹ́ ìpìlẹ̀ ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kóra jọ sí àdúgbò kan, ẹ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n jọ gba katapílà lọ́jọ́ kan náà. Owó ọkọ̀ tó gbé e wá yóò pín sí orí gbogbo wọn.

Ohun tí a ń wò lára ẹ̀rọ

Ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yan èyí tí mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ tàbí mẹkáníìkì ẹ̀rọ ìlọta ní Ìwó mọ̀ tinú tòde. Ẹ́ńjìnì bíi Honda GX390 àti àwọn tí a ṣe ní ìlànà rẹ̀ wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ kékeré. Púlọ́ọ̀gì, fílítà àti okùn ìfàtan wọn kì í ṣòro rí. Ẹ́ńjìnì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, bó ti wù kí ó lágbára tó, yóò sọ yín di arìnrìn-àjò sí Agódi Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, oníbàárà yóò sì máa retí yín.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ẹ wo eyín. Irin líle tí a ń pè ní tungsten carbide ni a fi ń ṣe ẹnu rẹ̀. Oríṣi kan wà tó rí roboto, tí a lè yí kí ẹ̀gbẹ́ mìíràn bọ́ síwájú nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kú. Oríṣi kejì, ńṣe ni a ń pọ́n ọn. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ ra eyín àpààrọ̀ odindi kan pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bí olùtajà kò bá ní eyín àpààrọ̀ lọ́wọ́, ẹ má ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ má fi ojú lásán rà á. Ẹ mú mẹkáníìkì àti wẹ́dà yín dání. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì náà tutù kí wọ́n tó tan án, nítorí ẹ́ńjìnì gbígbóná ń bo àṣírí. Ẹ di irin roboto náà mú nígbà tí ẹ̀rọ ti kú, tí a sì ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ mì í wò. Bí ó bá ń jó, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Ẹ wo bóyá wọ́n ti jó ara rẹ̀ rí. Ẹ rí i dájú pé asà tí ń dá òkúta dúró ṣì wà ní pípé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní kí wọ́n fi lọ kùkùté gidi fún ìṣẹ́jú 30, kì í ṣe kí wọ́n kàn tan án ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣirò tó gbọ́dọ̀ ṣáájú owó

Iye tí a ó lò níbí yìí, àpẹẹrẹ ni a fi ṣe. Kì í ṣe iye ọjà. Ẹ fi iye ti ọjọ́ yín rọ́pò rẹ̀.

Kí a sọ pé ẹ̀rọ kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti eyín àpààrọ̀ rẹ̀, jẹ́ ₦3,000,000, tí ẹ sì rò pé yóò sìn yín fún ọdún mẹ́ta. Ọdún kan ti gba ₦1,000,000 nìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ kùkùté mẹ́jọ lóṣù, 96 ni lọ́dún. Kùkùté kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá nǹkan bí ₦10,400 padà fún ẹ̀rọ nìkan. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta lóṣù, 36 ni lọ́dún. Kùkùté kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá nǹkan bí ₦27,800 padà. A kò tíì fọwọ́ kan owó bẹntiróòlù, eyín, ọ́ìlì, ọkọ̀ àti owó òṣìṣẹ́.

Bí ẹ bá wá yá owó náà ní èlé 30 nínú 100 lọ́dún, èlé ọdún kìíní jẹ́ ₦900,000. Fún ẹni tí ń ṣe mẹ́jọ lóṣù, nǹkan bí ₦9,400 ni yóò gun orí kùkùté kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ń ṣe mẹ́ta, ₦25,000 ni. Ẹ̀rọ kan náà ni, ẹ̀yáwó kan náà ni. Ọ̀kan lè jẹ èrè, èkejì ń sin gbèsè. Ìwé oṣù mẹ́ta tí a sọ níṣàájú ni yóò sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iye ọjà kì í dúró. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, iye náírà sí dọ́là náà yí padà, gbogbo ohun tí à ń kó wá láti òkè òkun sì gbówó lórí. Ẹni tó ti dá owó lé iṣẹ́ oṣù méjì ṣáájú ṣe iṣẹ́ náà láìjèrè. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye kan ṣoṣo lé ara ògiri. Ẹ máa ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye náà yóò lọ sópin sínú ìwé tí ẹ fún oníbàárà.

Ríra, yíyá àti àjọní

Ọ̀nà tí a rí pé ó dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ó fi ohun èlò ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa yá ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá pè fún un, kí ó sì máa tọ́jú èrè. Bí kò bá rí ẹ̀rọ yá nítòsí, àjọní ni ó kàn. Agégi mẹ́rin tàbí márùn-ún lè kóra wọn jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n ra ẹyọ kan. Kùkùté tí kò tó fún ẹnì kan yóò tó fún ẹ̀rọ kan.

Àjọní ń fẹ́ ìwé. Ẹ kọ ẹni tí ẹ̀rọ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń tò láti lò ó, ẹni tí ń ra eyín, àti iye tí ẹni tó lò ó yóò san sínú àpò àtúnṣe fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lò ó kẹ́yìn ni kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì wo ọ́ìlì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló ti túká nítorí ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀.

Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Orúkọ ìṣòwò tó fún iṣẹ́ kékeré. Kò di dandan kí ó jẹ́ kọ́ńpìnnì. Àwọn oníbàárà ńlá máa ń béèrè ìwé àti rìsíìtì, Ìwó kò sì ṣàìní irú wọn: Yunifásítì Bowen ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọdún 2002, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé epo sì pọ̀. Ẹni tó bá nílò owó lè ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ Bank of Industry, lọ́dọ̀ àjọ SMEDAN tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ kéékèèké, tàbí ní báǹkì kéékèèké tó wà nítòsí. Ìwé oṣù mẹ́ta yín wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ń yáni lówó máa ń gba àkọsílẹ̀ gbọ́ ju ìlérí lọ.

Àṣẹ àti ààbò

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀, ẹ béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú agboolé wa, iwájú ilé tàbí ẹ̀yìnkùlé ni ojú oórì àwọn bàbá wà, òmíràn kò sì ní àmì mọ́. Ẹ bi baálé ilé àti àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí páìpù omi, sọkawéè, wáyà iná àti okùn íntánẹ́ẹ̀tì gbà kọjá. Igi kan wà tí ẹbí tàbí àdúgbò ń bọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Igi tó bá wà nínú igbó ọba tàbí lórí ilẹ̀ ìjọba, ẹ gba ìwé àṣẹ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó igbó. Bí igi bá sún mọ́ wáyà òpó, ilé-iṣẹ́ IBEDC ni kí ó kọ́kọ́ pa iná ibẹ̀.

Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé akoto, kí ó lo awò tó bo ojú pátápátá, ìbotí, ìbọ̀wọ́ àti bàtà onírin lẹ́nu. Ariwo tó bá ti ju ìwọ̀n decibel 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ ń ba etí jẹ́, ariwo ẹ̀rọ yìí sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Aṣọ tó fẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti okùn kò gbọ́dọ̀ sí lára ẹni tí ń lò ó. Ẹ lé ọmọdé àti awòran sẹ́yìn tó mítà 20, kí ẹ sì fi pákó tàbí páànù dí ìhà tí gíláàsì fèrèsé tàbí ọkọ̀ bá wà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì yọ okùn púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan eyín. Ẹ má bu epo sínú ẹ́ńjìnì tó ṣì gbóná. Eyín tó kú ṣeé pààrọ̀. Ìka kò ṣeé pààrọ̀.

A tún rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi iná sun kùkùté nígbà ọyẹ́. Iná lè tọ gbòǹgbò gbígbẹ lábẹ́ ilẹ̀, kí ó sì yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Bákan náà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú, dísẹ́ẹ̀lì àti omi bátìrì tí àwọn kan ń dà sídìí kùkùté lè wọ inú kànga. Kò sí owó iṣẹ́ tó tó omi mímu agboolé.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ̀rún igi tí ẹ̀rọ bá lọ máa ń pọ̀ ju bí kùkùté ṣe rí lójú lọ. Ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ ṣáájú bóyá ẹ̀yin ni yóò kó o àbí òun. Ó wúlò láti fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi eléso kí oòrùn má baà gbẹ omi ilẹ̀. Ẹ má ṣe rò ó pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ tí a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ó ti ń jẹrà ni ó ń gba oúnjẹ ilẹ̀ lọ́wọ́ irúgbìn. Ẹ má sì fi í dí ihò tí ènìyàn yóò máa tẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni kí ẹ fi dí i ní ìpele-ìpele, kí ẹ sì máa gún un mọ́lẹ̀. Ẹ máa jìnnà sí òkìtì ẹ̀rún lẹ́bàá ògiri, nítorí ikán.

Ìbéèrè méje kí owó tó jáde

Kùkùté mélòó ni ó ń wọlé sí wa lóṣù, gẹ́gẹ́ bí ìwé wa ti wí? Irú igi wo ló pọ̀ jù nínú wọn? Ẹnu ọ̀nà wo ló há jù tí a gbọ́dọ̀ gbà? Ta ni yóò tún ẹ́ńjìnì yìí ṣe ní Ìwó? Níbo ni a ó ti rí eyín rẹ̀ rà, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé e? Bí iṣẹ́ bá dín sí ìdajì fún oṣù mẹ́fà, ǹjẹ́ a ó lè san gbèsè wa?

Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèje láìfọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀, kí ó lọ ra ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn wọn, àáké àti dígà rẹ̀ kò tíì tì í. Kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, kí ó sì máa kọ ìwé rẹ̀.